Ẹ̀yìn Bàbá Dúnkàn Ni Mo Wà

Scarborough, England.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Kòfowórọlá,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, bí ọyẹ́ bá ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Èyí tó wà níbí kì í ṣe ọyẹ́, ìjà ni. Atẹ́gùn inú òkun á wọ inú ṣòkòtò èèyàn láìgbàṣẹ, á sì máa gbé ibẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé. Dámisọ́lá ìyàwó mi kí yín. Ara ẹ̀ le. Èmi náà wà láàyè, mo kàn ń wọ ṣòkòtò méjì lórí ara wọn ni.

Ẹ má bínú pé mo ń kọ̀wé dípò kí n pè. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ohùn tí mò ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ń dà yín láàmú, pé mò ń pariwo bí ẹni tó ń pe èrò ní gáréèjì Ògèrè. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè fi ìgò ojú yín kà á ní ìrọ̀rùn. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́. Raqeebah tó ń gbé yàrá ìta yín ni mo máa ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí, ó ní òun á bá yín tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ẹ bá mi kí i. Bẹ́ ẹ bá rí àṣìkọ níbẹ̀, ẹ rántí pé prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi ní A B D tó kù nílé.

Ìròyìn wà. Ilé àwọn àgbà tí Dámisọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ti gba èmi náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, ẹni tó bá gbọ́ ọ nílé á ní irọ́ ni mò ń pa: wọ́n ní kí n máa rìn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bàbá Dúnkàn, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kúùkù inú ọkọ̀ apẹja ni nígbà tó lágbára. Ojoojúmọ́ ló máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra ìwé ìròyìn létí òkun. Àmọ́ iyè ẹ̀ ti ń sá díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá jáde mọ́. Máníjà wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí, ó ní kí n máa "accompany" ẹ̀.

Mo ní, "Yes, ma. I will follow him."

Ó ní, "Not follow. Accompany."

Mo ní, "Okay, ma. I will escort him."

Ó ní, "He's not a prisoner, Soji."

Nígbà tí mo délé mo bi Dámisọ́lá. Ó ní gbogbo ẹ̀ náà ni ká báni lọ, kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kóun sùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ni ọ̀kan ní tí èkejì ò ní? Ní tèmi o, mò ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gba báàgì lọ́wọ́ bàbá, mo gbé e kọ́rùn, mo bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, mo fún un láyè dáadáa. Mi ò lè máa yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó wa jáde. Bó bá dúró, mo dúró. Bó bá ṣí, mo ṣí. Bàbá kì í yẹ̀yìn wò, kì í sọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ yìí dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ bá mi ra obì díẹ̀ ní Sábó. Gbànja o.

Ẹ tètè fèsì. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé èmi ni kì í kọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó máa pẹ́.

Èmi àbúrò yín,
Adésọjí.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, 2025.

Sọjí àbúrò mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara yín le. Ọdún tuntun ti gbó kí n tó gbúròó rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ìyẹn. Kí Dámisọ́lá fún mi. Sọ fún un pé mo ní kó ra fìlà fún ọ. Obì tí o béèrè, o ò ní rí i. Ṣé kí o máa jẹ obì, kí ìwọ má sùn, kí ìyàwó rẹ má sùn?

Ọ̀rọ̀ tí o bi mí, fara balẹ̀ kà á.

"Follow" ni pé ẹnì kan wà níwájú, o wà lẹ́yìn. Ẹni iwájú lè mọ̀, ó sì lè má mọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè tó kọjá, ewúrẹ́ Màmá Hàmdálátù aládùúgbò wa tẹ̀ lé mi láti ojúlé wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ẹ̀fọ́ tí mo gbé dání. Mi ò mọ̀ rárá, àfi nígbà tí àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé orin bo ẹnu. Ewúrẹ́ yẹn "follow" mi. Kò "accompany" mi.

"Accompany" ni pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lọ, ẹ̀yin méjèèjì sì mọ̀ pé ẹ jọ ń lọ. Bí èmi àti Màmá Hàmdálátù ṣe jọ lọ kí aláìsàn ní Ìpẹ̀rú nìyẹn, tó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láti ibí títí a fi dé ọ̀hún.

"Escort," agbára tàbí ọlá wà nínú ìyẹn. O ti rí i ní Ògèrè dáadáa, nígbà tí ọlọ́pàá bá ṣáájú tírélà kan, tí òmíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ ń yà. Ìdí nìyẹn tí máníjà rẹ fi dá ọ lóhùn bẹ́ẹ̀.

Bí o bá wọ tasí Òde Rẹ́mọ tó ti ní èrò lẹ́yìn, o "join" wọn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, wọ́n á sún fún ọ, wọ́n á sì máa wò ọ́ bí ẹni tó jalè.

Èyí tó kù ni "see off." Ìyẹn ni ká sin àlejò sọ́nà. Màmá Hàmdálátù wá kí mi lánàá, mo sìn ín dé orígun, òun náà ní kóun sìn mí padà díẹ̀, èmi náà ní kò dáa kó dá padà. Ọbẹ̀ mi jóná.

Ó tán. Ṣùgbọ́n Sọjí, mi ò fẹ́ràn ohun tí o kọ nípa bàbá yẹn. Má rìn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kòfowórọlá.


Scarborough.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ ò fèsì. Mi ò fẹ́ pe yín lẹ́jọ́, torí ẹjọ́ tó wà lọ́rùn tèmi báyìí ti tó mi í gbé.

Wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi àti Bàbá Dúnkàn jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, mo fa fìlà ara kóòtù mi bo orí. Bàbá wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, báàgì ẹ̀ wà lọ́rùn mi. Bàbá dúró wo ẹyẹ òkun, mo dúró. Bàbá ṣí, mo ṣí. Obìnrin kan tó ń fa ajá ti ń wò wá láti òkèèrè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n: ọkùnrin dúdú gìrìwò, ó borí, ó gbé báàgì arúgbó òyìnbó kọ́rùn, bí arúgbó bá ti dúró òun náà á dúró. Ká ní gáréèjì Ògèrè ni, èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú.

Obìnrin náà sáré lọ bá bàbá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yín yẹn?"

Bàbá yí padà. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Kò kánjú. Ó ní, "Rárá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Rárá! Èmi tí mo ti ń gbé báàgì láti oṣù tó kọjá!

Obìnrin náà gbé fóònù, ajá ẹ̀ gbé ohùn. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ọlọ́pàá méjì ti dúró tì mí. Wọ́n níwà o. Wọ́n ń pè mí ní sà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pe èèyàn ní sà tí wọ́n sì fẹ́ mú un. Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu mi sá lọ, ó ku ẹyọ kan. Mo ní, "I am following the old man, sir."

Wọ́n ní ta ló ni báàgì ọrùn mi. Mo ní, "The old man, sir."

Ọ̀kan wo èkejì lójú.

Kí wọ́n tó pe ilé iṣẹ́, kí máníjà tó sọ pé òótọ́ ni, èèyàn àwọn ni, a wo iwájú, a wo ẹ̀yìn, a ò rí Bàbá Dúnkàn mọ́. Ibi tí gbogbo wa ti ń wádìí ẹni tí mo jẹ́ ni bàbá ti wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n, mo sáré lọ́jọ́ náà. Mo ń rò ó pé ó ti kó sómi. Ọlọ́pàá tó fẹ́ mú mi ló tún wá fi mọ́tò gbé mi káàkiri, a jọ ń na ọrùn wo gbogbo orígun. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí wọ́n tó rí i ní ìlú kejì, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń din ẹja. Ó jókòó, ó ń jẹun, ó ń bá ẹni tó ń din ẹja tàkúrọ̀sọ bí ẹni tí wọ́n ṣí ẹnu fún. Bàbá tí mo rò pé kì í sọ̀rọ̀!

Ara bàbá le. Èmi lara mi ò le. Wọ́n máa pè mí wá sọ tẹnu mi. Bí wọ́n bá ní mo pa àgbàlagbà tì, wọ́n á kọ orúkọ mi sọ́dọ̀ ìjọba pé mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ arúgbó tàbí ọmọdé mọ́ nílẹ̀ yìí. Dámisọ́lá ló sì mú mi débẹ̀, ìwé tiẹ̀ ni àwa méjèèjì sì fi ń gbé ìlú yìí. Kò bá mi jà. Ó kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí i o, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló fa etí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi pọ́n, lọ́jọ́ tí mo gba iwájú Bàbá Àlùfáà kọjá? "Ẹ̀yìn àgbà là ń rìn!" Ohùn yín nìyẹn. Mo rìn ín. Ibi tó gbé mi dé rèé.

Ẹ fèsì.

Adésọjí.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 2025.

Sọjí,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wá jókòó.

Mo fèsì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fèsì. Mo gbé e fún Raqeebah pé kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó gba Ìlọrin lọ kí ìyá rẹ̀, ó sì gbàgbé. Lẹ́tà mi rìnrìn-àjò dé Ìlọrin, ó bọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo kọ ọ́ sí. Mo bá a wí, ó sunkún, èmi náà ni mo tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti fi méjèèjì ránṣẹ́ báyìí, èyí àti ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo dúró tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́.

O ní mo lọ́wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fa etí rẹ, bó bá sì tún dọ̀la màá fà á. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlùfáà mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn wọn fi tọ́ sí ọ. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń sá, tí o bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ta ni o fi ọ̀nà lé lọ́wọ́? Nígbà tí ojú Màmá wa ò ríran mọ́, ṣé ẹ̀yìn wọn lo wà? Ìwọ lo máa ń di apá wọn mú dé balùwẹ̀, tí wàá máa sọ ọ̀rọ̀ òpònú létí wọn títí wọ́n á fi máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n á ní kí o yẹra lọ́dọ̀ àwọn. Kò sẹ́ni tó fa etí rẹ kí o tó mọ ìyẹn ṣe.

Gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá pè ọ́, má purọ́. Má sì da gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ sí ọ sílẹ̀ fún wọn, o ò lè rí i kó tán. Sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà. Sọ ìdí rẹ̀. Sọ pé o ò ṣe é bó ṣe yẹ. Kí o sì kọ́kọ́ bẹ bàbá náà, kí o tó bẹ máníjà, nítorí òun lo ṣẹ̀.

Fi Dámisọ́lá lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá ń fọ abọ́, gba kàn-ìn-kàn-ìn kí o bá a fọ̀ ọ́.

Kọ̀wé ní kíá. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta, 2025.

Sọjí,

Kí ló dé? Mo ti ń kan ilẹ̀kùn Raqeebah débi pé ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo ní kó pè ọ́, ó ní fóònù rẹ ń dún, o ò gbé e.

Bí wọ́n bá ti lé ọ, sọ fún mi. Mo ti ní kí wọ́n gbá yàrá rẹ, mo ti sá bẹ́ẹ̀dì sí oòrùn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o kò fi ní wálé. Kí n má ṣáà mọ̀ ni mi ò lè fara dà.

Kòfowórọlá.


Scarborough.
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ jẹun. Mo kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni kẹ́ ẹ má bàa fi ikùn òfìfo ka ìyókù. Wọn ò lé mi. Orúkọ mi ò dé ọ̀dọ̀ ìjọba kankan. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn. Kí wọ́n ká bẹ́ẹ̀dì kúrò lóòrùn.

Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù. Wọ́n sún ìpàdé náà síwájú, wọ́n tún un sún. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn yín báyìí, igbe ni mo máa ké, Dámisọ́lá á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

Àná ni wọ́n pè wá. Máníjà wà níbẹ̀, ọ̀gá kan láti orílé iṣẹ́ wà níbẹ̀, Bàbá Dúnkàn fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ obìnrin. Wọ́n gba Dámisọ́lá láyè kó jókòó tì mí kó máa túmọ̀. Ó so táì mọ́ mi lọ́rùn, ó so ó bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ má ráàyè jáde.

Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Bàbá ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá orílé iṣẹ́ fò sókè, ó ní mo ti dákú, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá. Máníjà ti ń pe nọ́mbà àwọn oníṣègùn. Dámisọ́lá ń ké pé, "No, no, he's greeting!" Èmi wà nílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n dúró de omi.

Nígbà tí gbogbo wa padà jókòó, máníjà bi bàbá léèrè. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi sọ pé àwọn ò mọ̀ mí.

Bàbá ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n náà ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi jáde. Mo sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa tó rì fún un, kò fọhùn. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti bí i, kò fọhùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi fún un, ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ẹnì kankan, kò tiẹ̀ lè sọ pé pẹ̀lẹ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n sọ pé mo mọ̀? Mo bá wọ bọ́ọ̀sì, kí n lọ wá ẹni tó máa dá mi lóhùn."

Ẹ̀gbọ́n, èmi ló kàn.

Máníjà kọjú sí mi. Ó ní kí ló dé tí mi ò dá bàbá lóhùn. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, Dámisọ́lá sọ ọ́ fún wọn. Mo ní mi ò gbọ́ ni. Mo ní ẹ̀yìn wọn ni mo wà, atẹ́gùn ń gbé ohùn wọn lọ sínú òkun, mo rò pé wọ́n ń dákẹ́ ni. Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe lẹ́yìn. Mo ní àgbà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo ní mo ti wá rí i báyìí pé mi ò ṣe é bó ṣe yẹ, ọ̀wọ̀ tí mò ń bù fún wọn ni mo fi fi wọ́n sílẹ̀.

Ọmọ bàbá wò mí títí. Ó ní, "Ṣé torí ọ̀wọ̀ lo ṣe ń rìn lẹ́yìn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó wá béèrè áńkáṣíìfù lọ́wọ́ Dámisọ́lá. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, bàbá òun ò dárúkọ wọn fún òun rí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí ọ̀gá orílé iṣẹ́, ó ní kí wọ́n má lé mi, kí wọ́n kàn mú mi kúrò lẹ́yìn ni.

Wọ́n jáde lọ sọ̀rọ̀. Wọ́n padà wá. Ọ̀gá ní kò sí ẹ̀sùn pé mo pa àgbà tì. Wọ́n máa kìlọ̀ fún mi, wọ́n máa kọ́ mi níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀, Dámisọ́lá di kóòtù mi mú lẹ́yìn gírígírí.

Nígbà tá a dé títì ni Dámisọ́lá tú táì lọ́rùn mi, ó fi na afẹ́fẹ́, ó jókòó sórí fẹ́ńsì olófẹ́ńsì, ó rẹ́rìn-ín títí ajá onílé fi gbó. Ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ kẹ́yìn ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ kọ sí mi ló yé mi. Ó ku ọ̀kan tẹ́ ẹ gbàgbé: bí wọ́n bá ní kéèyàn "accompany" ẹnì kan, etí ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Àbúrò yín tí wọn ò lé,
Adésọjí.


Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta, 2025.

Sọjí àbúrò mi,

Mo jẹun. Mo se ìkọ́kọrẹ́, mo jẹ tèmi tán, mo sì jẹ èyí tí mo bù sílẹ̀ fún Raqeebah. Mo tún òmíràn sè fún un, mo fi ẹja kún un, torí pé ó sáré gbé lẹ́tà rẹ wá láìwọ bàtà.

Ọlọ́run ṣeun. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, ìgò ojú mi ti rin.

Ṣùgbọ́n Sọjí! Lórí kápẹ́ẹ̀tì! Mo sọ ọ́ fún Màmá Hàmdálátù, ó ní kí n dákẹ́ ná, kóun kọ́kọ́ gbé ọmọ-ọmọ òun sílẹ̀ kó má bàa já bọ́ lọ́wọ́ òun. A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pe ìrun nígboro, ó sáré lọ ṣàlùwàlá, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nídìí kẹ́tù.

Ìyàtọ̀ tí o fi kún tèmi, mo ti rí i. O ṣeun, tísà. Èmi ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọ ní kíláàsì, kò sì wọ̀ mí lọ́kàn rí.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, kí i fún mi. Sọ pé ẹni tó tọ́ ọ ní kó má bínú.

Kí Dámisọ́lá. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kòfowórọlá.


Scarborough.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìfẹ́. Ẹ kú ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ sì ń kọ ọ́ sí ẹni tó wà níbi tí kò sí ewùrà.

Òní ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbá Bàbá Dúnkàn mú lápá, a jáde, mo dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò rọrùn o. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ kejì sí. Ẹsẹ̀ mi fúnra ẹ̀ ń fẹ́ yọ́ padà sẹ́yìn, mo ń bá a wí.

Bàbá wojú mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà nìyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi kí yín, wọ́n ní ẹ má bínú."

Ó ní, "Àṣé o ga tó báyìí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun á tún gbogbo ẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò gbọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì ló kọ́kọ́ mú. Mi ò fẹ́ kó tún rò pé mi ò dáhùn, mo ń dáhùn ní tèmi: "Háà, sà! Pẹ̀lẹ́, sà! Ìyẹn mà le o, sà!" Bàbá dúró. Ó ní, "Fara balẹ̀. A ò tíì kúrò ní èbúté. Ọkọ̀ náà dáa síbẹ̀."

A ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀. A kọjá níwájú ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, a ò mọ̀ pé a ti kọjá. A lọ jìnnà gan-an kí n tó rántí. Mo yí wa padà, mo mọ̀nà, ẹ má fòyà.

Ìgbà tá à ń padà bọ̀ ló dé orí ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀. Ó ní etí òkun yìí náà ni àwọn méjèèjì máa ń rìn. Ó ní apá ibi tí omi wà nìyàwó òun máa ń gbà, òun á gba apá ibi tí ilé wà. Kò jẹ́ kí òun gba apá òkun rí. Ìyàwó ẹ̀ á ní, "O ti fi gbogbo ìgbà èwe ẹ gba atẹ́gùn òkun sára, ó ti tó, jẹ́ kí n gbà á fún ẹ."

Mo wo ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n, apá òkun ni èmi wà.

Ara mi ò gbà á. Mo rò pé mo ti lọ jókòó sáyè obìnrin náà. Mo rọra fà sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè gba òdìkejì bọ́ sí i.

Bàbá ò wò mí. Ó di apá kóòtù mi mú. Ó ní, "Dúró síbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́."

Mo dúró síbẹ̀. Etí mi tó wà lápá òkun ti kú pátápátá bí mo ṣe ń kọ èyí. Èkejì ń gbọ́ dáadáa.

Àbúrò yín,
Adésọjí.